Ìgboyà Agbẹjọ́rò níwájú Ilé-Ẹjọ́ Ológun: Láti inú Sinimá dé Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Nínú sinimá A Few Good Men (1992), tí Rob Reiner darí, a rí ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò ológun kan, Daniel Kaffee, tí ó máa ń bá olùpẹ̀jọ́ dúnàádúrà kí ẹjọ́ má baà dé iwájú adájọ́. Kí eré tó parí, òun kan náà ni ó ń da ìbéèrè bo ọ̀gá ológun, Jessep. Àwọn òǹwòran a máa sọ pé ìwà ọmọkùnrin náà ni ó yí padà. Èrò tiwa ni pé ilé-ẹjọ́ ni ó fún un ní ìgboyà, nítorí pé Jessep, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ti jókòó síbi tí ẹlẹ́rìí ń jókòó, ó sì ti búra.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé. Ní 1984, a gbé Olóyè Ọlábísí Ọnàbánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn láti 1979 sí 1983, lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ológun lábẹ́ Dìkíríì Kẹta ọdún náà. Ní ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà. Olùjẹ́jọ́ ni ó ni ẹrù àti fi hàn pé òun kò jẹ̀bi. Nítorí irú nǹkan báyìí ni Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà fi ní kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má ṣe yọjú síbẹ̀. Gani Fawehinmi nìkan kọ́ ni àṣẹ náà bí nínú, ṣùgbọ́n òun ni ó tàpá sí i ní gbangba. A rán Ọnàbánjọ ní ẹ̀wọ̀n ọdún 22. (A kò gbọdọ̀ sọ àsọdùn: a dá Ajásin àti Bọ́lá Ìgè sílẹ̀.)

Ọ̀ràn Ọládiípọ̀ Díyà, ọmọ Odògbolú, tilẹ̀ tún yéni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gágun ni, agbẹjọ́rò sì ni pẹ̀lú. Nígbà tí ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Jos ní 1998, ó sọ lójú àwọn oníròyìn pé ìdẹkùn ni wọ́n dẹ fún òun. Ìgboyà rẹ̀ kò nílò àti dàgbà. Ó pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Lẹ́yìn náà ni a ti ilẹ̀kùn, kò sì sí ọ̀gá kan tí a mú búra ní gbangba láti dá a lóhùn. Ní oṣù kẹrin, wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un. Abacha kú ní oṣù kẹfà; ní oṣù keje, Abdulsalami Abubakar yí ìdájọ́ náà padà.