Ọ̀sẹ̀ Ìjì Helene àti Ìgbà Òtútù ní West End, Atlanta, 2024

Òjò tó ń rọ̀ ní Atlanta láàárín ọdún kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn: ó tó nǹkan bí 50 íǹṣì, ìyẹn 1,280 mìlímítà. Àsìkò tó ń rọ̀ ló yàtọ̀. Nílé, ẹ̀ẹ̀rùn ní oṣù tirẹ̀, òjò náà ní tirẹ̀. Ní Atlanta, kò sí oṣù tí òjò kì í rọ̀, ṣùgbọ́n oṣù kẹwàá, tí òjò ṣì máa ń pọ̀ nílé, ló sábà máa ń gbẹ jù níbẹ̀.

West End wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn àárín ìlú. Ọdún 1868 ló di ìlú tó dá dúró. Ní 1894, Atlanta gbà á mọ́ra. Ilé onífàráńdà ló kún ibẹ̀, igi óòkù ńláńlá sì ṣíji bò wọ́n. Igi yìí ni ẹwà àdúgbò náà, òun náà sì ni wàhálà ibẹ̀ bí ìjì bá dé.

Púpọ̀ nínú ìjì tó ń lu Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ wa ní Áfíríkà ni wọ́n ti ń pilẹ̀. Helene ò sí lára wọn. Òkun Kàríbéánì ló ti jáde. Kó tó gúnlẹ̀ rárá ni òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Georgia, ní Wednesday, ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án, torí afẹ́fẹ́ tútù kan ti dúró gbagidi lókè ibẹ̀, ọ̀rinrin tí ìjì náà ń tì bọ̀ láti Gulf of Mexico sì ń kọlù ú. Lálẹ́ Thursday, Helene wọ Florida nítòsí Perry, pẹ̀lú ẹ̀fúùfù tó ń sáré 140 máìlì ní wákàtí kan. Kílẹ̀ Friday tó mọ́ tán, wọ́n ti kéde pàjáwìrì omíyalé fún Atlanta. Wọn ò kéde irú rẹ̀ rí fún ìlú náà. Láàárín wákàtí 48, òjò tó rọ̀ jẹ́ 11.12 íǹṣì. Láti 1886 títí di ìgbà náà, 9.59 íǹṣì ló pọ̀ jù. Òjò tó ju ìdá kan nínú márùn-ún ti ọdún kan lọ ló dà sílẹ̀ lọ́jọ́ méjì.

Peachtree Creek ní àríwá ìlú ló kún àkúnya tó sì wọlé onílé. Odò ńlá kankan ò gba àárín West End kọjá. Ìjì náà tún yà sí ìlà-oòrùn, ó lọ bá Valdosta àti Augusta jà. Ìyẹn ló gba Atlanta lọ́wọ́ ẹ̀fúùfù tó burú jù.

Ewu West End wà nínú igi. Irú óòkù tí wọ́n ń pè ní water oak pọ̀ níbẹ̀, ó sì máa ń jẹrà nínú lẹ́yìn bí ọgọ́ta sí ọgọ́rin ọdún, tí ewé rẹ̀ á ṣì máa dán lókè. Amọ̀ pupa ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bó bá mu omi yó, kò lè di gbòǹgbò mú mọ́. Ìdí nìyẹn tí igi fi lè wó lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta tí òjò dá, tí atẹ́gùn kankan ò sì fẹ́. Ẹ má ṣe gbé mọ́tò sábẹ́ rẹ̀. Bí ìtí igi bá tó 6 íǹṣì ní ìbú, ìjọba ìlú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ tó gé e, bó tilẹ̀ jẹ́ àgbàlá yín ló wà. Ilẹ̀ tiyín, igi tiyín, àdá ò gbọdọ̀ kàn án! Ó máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu.

Nílé, bí òjò bá ti dá, ara á tù wá. Ẹni tó retí irú ẹ̀ lẹ́yìn Helene retí títí. Oòrùn padà, ooru tẹ̀lé e, ẹ̀rọ amúlétutù ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá. Àárín oṣù náà ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó sọ̀ kalẹ̀ láti àríwá wá mú òtútù dé. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, ìwọ̀n ooru òru sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ 10 dígírì Celsius. Ètè ń bẹ́, awọ ara ń funfun bí ìgbà ọyẹ́, àfi pé kò sí eruku.

Lọ́dọọdún, ooru ọ̀sán máa ń tó 29 ní oṣù kẹsàn-án. Tó bá di oṣù kọkànlá, yóò ti bọ́ sí 18. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ tan híità, ilé á máa rùn bí ohun tó ń jóná fún ìgbà díẹ̀: eruku tó ti bà lé e láti ọdún tó kọjá ni. Bí òórùn náà ò bá lọ, ẹ pa á, kí ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Ewé óòkù tó ń wọ́ ló máa ń dí ojú gọ́tà. Ẹ gbá a kúrò kí òjò mìíràn tó dé, tàbí kí ẹ pe 311 tó bá jẹ́ ti ojú títì.

Ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ni aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan lọ́dún 2024. Ìrì dídì àkọ́kọ́ sábà máa ń bọ́ sí àárín oṣù náà, kì í sì í dá ata sí. Ata àti ewúro tó bá wà nínú ìkòkò lẹ́yìnkùlé, ẹ ti kó wọn wọlé ṣáájú ìgbà náà.