Ẹ Ka Sítóòfù Mọ́ Ọn: Ìlàlóye fún Ẹ̀yin Onílé Àlejò

Fọ́ọ̀mù ìṣirò iná ń padà sọ́wọ́ àwọn tó mú un wá sórí káńtà wa nítorí àṣìṣe kan náà. Onílé àlejò ka gílóòbù, ó ka fáànù, ó ka ẹ̀rọ amúlétutù, kò ka ohun tí àlejò fi ń dáná. Bí a bá bi í, á ní, “Ṣebí yàrá lásán ni.”

Yàrá tí sítóòfù oníná bá ti wọ̀, ilé kékeré kan ni lójú wa. Àlejò tó gbà á fún ọ̀sẹ̀ méjì á se ìrẹsì, á se omi tíì, á lọ aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní pa ẹ̀rọ amúlétutù. Ìrọ̀lẹ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí.

Ẹ yí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan padà, ẹ wo iye wáàtì tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi fólítì 230 pín in, ámpíà ló jáde yẹn. Ẹ wo yàrá yìí: ẹ̀rọ amúlétutù 1,500, amómigbóná 1,500, áyọ́ọ̀nù 1,000, fíríìjì 150, tẹlifíṣọ̀n 100, gílóòbù 50. Àpapọ̀ jẹ́ 4,300 wáàtì, kò tó ámpíà 19. Ibí ni àwọn onílé àlejò ti ń gbé bírò sílẹ̀. Ẹ wá fi sítóòfù olójú méjì 2,000 àti kẹ́tùlù 2,000 kún un: ó di 8,300, ámpíà 36. Ilé oníyàrá 12 tó pe ara rẹ̀ ní 51,600 wáàtì ti di 99,600. Tiransifọ́má kò mọ ohun tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ohun tó wà nínú yàrá ló mọ̀.

A kò ní kí ẹ ra wáyà bí ẹni pé gbogbo àlejò á dáná ní ìṣẹ́jú kan náà. Ìlànà àwọn ẹlẹ́rọ Gẹ̀ẹ́sì gba ẹ̀dínkù fún ilé àlejò kékeré: sítóòfù tó tóbi jù, ẹ kà á pé; èkejì, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún; ìyókù, ìdá 60. Sítóòfù 12 oní 2,000 á di 15,600 dípò 24,000. Amómigbóná tó ní táǹkì, tó ń dá ara rẹ̀ pa, kò ní ẹ̀dínkù kankan. Wáyà tó wọ ilé ni ẹ̀dínkù yìí wà fún, kò kan wáyà inú yàrá. Ẹ sì gbọ́dọ̀ ka sítóòfù ná kí ẹ tó dín in kù.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ámpíà 13 kò gbà ju nǹkan bí 3,000 wáàtì lọ. Sítóòfù àti kẹ́tùlù lórí extension kan, 4,000 nìyẹn. Ibẹ̀ ni púlọ́ọ̀gì ti ń yọ́. Ẹ fún sítóòfù ní wáyà tirẹ̀ láti inú bọ́ọ̀dù.

Ẹni tó gba òǹtẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù rẹ̀ tán, tó wá ra sítóòfù sínú yàrá lẹ́yìn náà, kó padà wá. Ẹni tó ń lo gáàsì, ọ̀dọ̀ àwọn panápaná ni kó lọ.

Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó ń ta fọ́ọ̀mù lẹ́nu géètì. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti kọ iye sí tẹ́lẹ̀, iye ilé ẹlòmíràn ni. Oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ iná ní Nàìjíríà, ni kó ṣírò tiyín, kó sì buwọ́ lù ú. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ tún un wò: bí sítóòfù kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ kún un.