Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Géèmù alápá-apá

Ṣé èèyàn lè sanwó géèmù tí wọn ò tíì ṣe tán? Bẹ́ẹ̀ ni o!

1. Lọ́dún 2012, ilé-iṣẹ́ Telltale ní Amẹ́ríkà gbé The Walking Dead jáde ní apá márùn-ún. Ẹni téèyàn bá gbà là ní apá kìíní, ìpinnu yẹn á tẹ̀ lé e lọ.

2. Ní 2018, Telltale kógbá sílé láìparí ìtàn náà. Apá méjì nínú mẹ́rin ìkẹyìn ló ti jáde. Ọpẹ́lọpẹ́ ilé-iṣẹ́ Skybound tó parí ẹ̀ ní 2019!

3. Ọ̀nà mìíràn láti sanwó géèmù ni àsansílẹ̀ oṣooṣù. Xbox Game Pass (2017) dà bíi DStv: owó tán, géèmù tì.

Ẹ ka owó dátà mọ́ owó géèmù o; gìgábáìtì tí géèmù ńlá ń jẹ kì í ṣe kékeré.

Ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn tó ń ta géèmù ládùúgbò yín.