Èló Ni Kí A Gbà Lórí Àga Kan?



Àwọn ọmọ wa tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga dé ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò owó fún oníṣòwò, wọ́n ń ya àwòrán ilé, wọ́n ń túmọ̀ ìwé láti èdè kan sí èkejì. Iṣẹ́ wọn kò béèrè ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ó béèrè iná, íntánẹ́ẹ̀tì, tábìlì àti ìdákẹ́jẹ́. Ilé tí ọmọdé mẹ́fà ti ń ṣeré kò lè fún wọn ní gbogbo èyí. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń ronú láti ṣí ilé-iṣẹ́ àjùmọ̀lò, èyí tí a ń pè ní coworking: ilé kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jókòó ṣiṣẹ́ sí, tí olúkúlùkù ń san owó àga tirẹ̀.

Èrò náà dára, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ṣùgbọ́n owó ìdílé ni a ó fi ṣí i: owó àjọ ìyá, owó oko bàbá. Ó yẹ kí a mọ ìṣirò rẹ̀ kí a tó ra àga kan.

Bí ó ti bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Brad Neuberg ṣí irú ilé yìí. Kò gba ilé tirẹ̀. Ó háyà àyè nínú ilé ẹlòmíràn fún ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀. Odindi oṣù kan kọjá, ẹnikẹ́ni kò wá. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ńlá ni ó ti gbà, gbèsè ìbá ti gbé e lọ kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí: kí a fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ilé náà ń jẹ lóṣù?

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe ìṣirò. Kí olúkúlùkù fi iye owó ìlú tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ìbáà ṣe Kétu, Pobè tàbí Àjàṣẹ́. Ká ní owó ilé jẹ́ 80 000 F, iná 60 000 F, íntánẹ́ẹ̀tì 40 000 F. Ẹni tí ń ṣọ́ ilé tí ó sì ń gbá a, pẹ̀lú ohun tí a ń san sí CNSS lórí rẹ̀, 70 000 F. Ẹ rántí pé láti ọdún 2023 òfin Bẹ̀nẹ̀ kò gbà kí owó oṣù kéré sí 52 000 F. Omi, ọṣẹ àti àtúnṣe, 20 000 F. Kí a sì fi 30 000 F pamọ́ fún ọjọ́ tí bátìrì tàbí àga bá bàjẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 300 000 F.

Bí àga bá jẹ́ 20, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò pín in sí 20, wọn yóò ní, “15 000 F ni kí olúkúlùkù san.” Àṣìṣe ńlá nìyí! Àga 20 kì í kún lójoojúmọ́. Bí 10 bá ṣófo, 150 000 F ni yóò wọlé, a ó sì máa jẹ ojú owó títí yóò fi tán. Kí a ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé ìdajì ni yóò kún.

Oríṣi owó mẹ́ta

Àwọn ènìyàn kò lo àga bákan náà, nítorí náà kí owó wọn má ṣe jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tí ó wá lọ́jọ́ kan, 2 000 F. Ẹni tí ó ra káàdì ọjọ́ 10, 15 000 F. Ẹni tí ń wá lójoojúmọ́, 25 000 F lóṣù. Bí ènìyàn ṣe ń lò ó tó ni owó ọjọ́ kan ṣe ń dínkù fún un.

Ẹ wò ó: ẹni oṣooṣù 6, 150 000 F, káàdì 6, 90 000 F, owó ọjọ́ kan ní ìgbà 30, 60 000 F. 300 000 F pé! Bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan bí àga 10 nínú 20 ni wọn yóò lò lójúmọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tábìlì tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ jókòó sí, kí ó san jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí a kò lè tún un tà nígbà tí kò bá sí níbẹ̀. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́, 25 000 F ti pọ̀ jù fún un. Kí a fún un ní ìrọ̀lẹ́, láti aago márùn-ún sí mẹ́sàn-án, ní 10 000 F. Àga tí ìbá ṣófo ni. Ó ṣe é láǹfààní, kò sì pa wá lára.

Ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọ̀rẹ́

Ibí yìí ni ó ti ń nira. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa yóò dé, yóò ní, “Bọ̀dá, ṣé èmi náà yóò sanwó?” Ta ni yóò lé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Kí a gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí onílé fi ọwọ́ ara rẹ̀ san án láti inú àpò tirẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà náà ni yóò mọ iye tí àánú ń ná an. Bí kò bá rí i san, kí ó sọ òótọ́ fún ọmọ náà.

Owó ìṣáájú

Kí a tó ṣílẹ̀kùn, ó dára kí a wá ènìyàn 6 tí yóò san oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 450 000 F. Ẹ ṣọ́ra! Owó yìí kì í ṣe èrè. Gbèsè ni títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé. Kí a máa yọ 150 000 F lóṣù, kí a má fi ìyókù ra ọ̀kadà. Bí ilé bá tì lóṣù kejì, owó àwọn ọmọ tí ó gbà wá gbọ́ ni yóò ṣòfò, orúkọ ìdílé wa yóò sì bàjẹ́.

Lẹ́yìn èyí, kí a kọ gbogbo owó náà sára ògiri: iye rẹ̀, ọjọ́ tí káàdì yóò parí, àti bí a ó ti ṣe bí iná bá lọ. Bí a bá fẹ́ fi kún owó, kí a sọ ọ́ ní oṣù méjì ṣáájú. Ohun tí a bá ti kọ́kọ́ sọ kì í díjà.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá wá béèrè owó láti ṣí irú ilé yìí, ẹ má ṣe fi ẹ̀rín lé e, ẹ má sì ṣe yára fà á lé e lọ́wọ́. Ẹ ní kí ó mú ìwé àti kálámù wá, kí ẹ jọ ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.