Ẹyinjú Kan Nítorí Ẹ̀mí Ọmọ

Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n àrùn kan ń bẹ tí ó lè bá ọmọ láti inú oyún wá, tí kì í ṣepin, tí kì í sì í sábà dun ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó ti lè ba ojú jẹ́ kí òbí tó fura. Jẹjẹrẹ inú ẹyinjú ni, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní retinoblastoma. Ó ṣọ̀wọ́n, nítorí pé nínú ọmọ bí 15,000 sí 20,000 tí a bá bí, ẹyọ kan ni í mú. Síbẹ̀, kò sí jẹjẹrẹ inú ojú mìíràn tí ó wọ́pọ̀ tó o lára àwọn ọmọdé, àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún ni ó sì sábà máa ń bá jà.

Ní Ìlú Bìní, Ilé-Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì ìlú náà, tí a dá sílẹ̀ ní 1973, tí ó wà ní Ugbowo ní ojú ọ̀nà Èkó, ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè bá ara rẹ̀. Ìbànújẹ́ ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ wa, ni pé ọ̀pọ̀ wọn ni kì í tètè dé. Ìyá lè ti rí i pé ọmọlójú ọmọ rẹ̀ ń tàn funfun bí ojú ológbò nínú òkùnkùn, tàbí kí ojú náà máa wo ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ ra oògùn tí a ń kán sójú ní kẹ́míìsì, a ó gbààwẹ̀, a ó wá àgbo, títí jẹjẹrẹ yóò fi ti ẹyinjú yọ síta kúrò nínú ihò rẹ̀, tí yóò sì tọ okùn iṣan ojú lọ sínú ọpọlọ.

Bí dókítà bá wá ní kí a yọ ojú náà, òwe tí bàbá ọmọ yóò pa ni pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. N kò bá a wí, nítorí ta ni yóò gbọ́ irú rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò ní í bù máṣọ? Ṣùgbọ́n òwe náà kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Oníṣẹ́ abẹ kì í fi abẹ́rẹ́ gún ẹyinjú náà láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí jẹjẹrẹ má baà tú jáde. Odidi rẹ̀ ni yóò yọ, pẹ̀lú okùn iṣan tí ó gùn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, kí a lè fi awò tí ń sọ kékeré di ńlá wo ibi tí àrùn dé. Yóò fi bọ́ọ̀lù kékeré dí ihò náà, kí egungun ojú ọmọ lè dàgbà bákan náà lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn náà ni a ó wá fi ojú àtọwọ́dá sí i. Iṣẹ́ abẹ yìí ní ewu tirẹ̀: ẹ̀jẹ̀ lè dà, kòkòrò lè wọ ibẹ̀, bọ́ọ̀lù náà lè yọ jáde, ihò ojú sì lè sún kì, tí ojú àtọwọ́dá kò fi ní í rí ibi jókòó. Gbogbo èyí ni ó ní àtúnṣe. Èyí tí kò ní ni ìdúró pẹ́, òun gan-an ni mo sì kà sí apààyàn, kì í ṣe abẹ. Ní àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ tí a ti ń tètè rí i, ó ju 95 lọ nínú ọmọ 100 tí ẹ̀mí wọn ń yè. Àrùn tí a sì rí nígbà tí ó kéré gan-an lè gba oògùn àti ìtànṣán, tí ojú pàápàá kò fi ní í lọ.

Nínú ọmọ 10 tí ó mú, bí 4 ni ó jẹ́ pé àléébù tí ó fà á wà nínú gbogbo ara wọn, èyí tí wọ́n lè ti jogún láti ọ̀dọ̀ òbí, tí wọ́n sì lè fi jogún fún ọmọ tiwọn. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń béèrè àbúrò aláìsàn, tí yóò sì ní kí a máa gbé e wá fún àyẹ̀wò láti ìgbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ gaara.