'Holocaust': Ẹbọ sísun tí ẹnikẹ́ni kò rú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lọ́dọọdún, bí oṣù Ṣẹẹrẹ bá ti ń parí lọ, a máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lórí rédíò: 'Holocaust'. Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ pé ó jẹ mọ́ pípa tí wọ́n pa àwọn Júù nípakúpa, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ lè ya ẹni tó ń ka Bíbélì lẹ́nu.

Èdè Gíríìkì ló ti wá. 'Holos' ni odidi, 'kaustos' sì ni ohun tí iná jó. Nígbà tí àwọn Júù ayé àtijọ́ tú ìwé mímọ́ wọn sí èdè Gíríìkì ní ilẹ̀ Íjíbítì, ọ̀rọ̀ yìí àti àwọn tó bá a tan ni wọ́n lò fún ohun tí Bíbélì wa ń pè ní ẹbọ sísun. Ẹni tó bá ka Léfítíkù orí kìn-ín-ní mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń jẹ nínú ẹran ẹbọ náà. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń sun lórí pẹpẹ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń lò ó fún iná ńlá tàbí ìpakúpa èyíkéyìí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló wá di orúkọ ohun kan pàtó. Ìjọba Adolf Hitler, tó gorí àlééfà ní Jámánì lọ́dún 1933, pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 Júù kí ogun tó parí lọ́dún 1945. Wọ́n yìnbọn pa àwọn kan sínú kòtò, ebi pa àwọn mìíràn kú. Ní ibùdó bíi Auschwitz, ní ilẹ̀ Pólándì, afẹ́fẹ́ olóró ni wọ́n fi pa wọ́n, wọ́n sì sun òkú wọn nínú iná ààrò. Eré tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1978 wà lára ohun tó jẹ́ kí orúkọ náà tàn kálẹ̀.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ Júù kò fẹ́ orúkọ yìí. Wọ́n ní ẹni tó bá rú ẹbọ, Ọlọ́run ló rú u sí. Ta ló wá ní kí wọ́n fi ọmọ ọwọ́ rúbọ? Bí a bá pè é ní ẹbọ, a ti sọ apànìyàn di àlùfáà nìyẹn. 'Shoah' ni wọ́n ń pè é ní èdè Hébérù, ìyẹn ìparun tàbí ìdahoro. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú Àìsáyà 10:3.

'Genocide' tún yàtọ̀. Raphael Lemkin, agbẹjọ́rò Júù láti Pólándì, ló gbé e jáde nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1944, kí òfin lè rí orúkọ pe ìwà náà. Ìpẹ̀yàrun ni Yorùbá ń pè é. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó lòdì sí i lọ́jọ́ 9, oṣù Kejìlá, ọdún 1948. Òun ni ọ̀rọ̀ tó bá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Tutsi ní Rùwáńdà lọ́dún 1994 mu.

Nítorí náà, bí ọjà bá jóná, ẹ jẹ́ ká pè é ní jàǹbá iná. Ọjọ́ 27, oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 1945 ni àwọn ọmọ ogun Soviet wọ Auschwitz, ọjọ́ náà sì ni àgbáyé fi ń ṣe ìrántí. Àwọn tó kú kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ká má ṣi ikú wọn pè ni ìwọ̀nba ọ̀wọ̀ tó kù lọ́wọ́ wa.