Àmàlà Ọ̀sán Lórí Ìrọ̀rí

Ìyá Ràfíù, ẹ bi mí lánàá pé kí ló dé tí àmàlà tí bàbá yín jẹ lọ́sàn-án tún fi ń bá wọn lórí ìrọ̀rí lóru. Mo gbọ́ tí àwọn kan ní Òkè Gáda ń sọ pé wọ́n bọ́ bàbá lójú oorun ni. Mi ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ ẹ̀yin náà lẹ fẹnu ara yín sọ pé ewédú yẹn kò kan. Oúnjẹ tó bá ti dé ikùn kó tó padà, kíkan ló máa ń kan, á sì máa ta lọ́fun. Èyí kò dé ikùn rárá. Ó yà síbì kan lọ́nà.

Níbi tí ọ̀fun ti pàdé ọ̀nà oúnjẹ, iṣan kan yí ibẹ̀ po bí okùn ẹnu àpò. Tí òkèlè bá ń bọ̀, ó yẹ kó tú. Tó bá kọjá, á tún fún pọ̀. Lára àwọn kan tó ti lé ní 60 ọdún, kì í tú tán mọ́. Ọ̀fun á máa ti òkèlè, ilẹ̀kùn kò sì ṣí dáadáa. Lẹ́yìn, lókè iṣan náà díẹ̀, ojú kan fẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni awọ inú ọ̀fun á gbà yọ síta. Ẹ ti rí táyà ọ̀kadà tó jẹ lójú kan, tí túbù ń yọ níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Oúnjẹ á wá máa wọ àpò yẹn. Bàbá bá dùbúlẹ̀, ó dà padà sẹ́nu.

Abraham Ludlow, oníṣẹ́ abẹ ará Bristol, ti ṣàpèjúwe irú àpò yìí láti 1769. Zenker ará Jámánì, tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1877, ni wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ sọ àpò náà. Ẹ ò rí ayé!

Tó bá di ti iṣẹ́ abẹ, gígé àpò nìkan kò tó. Ẹni tó lẹ túbù tí kò tún táyà ṣe, ẹ máa padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ á la ẹ̀gbẹ́ ọrùn, lápá òsì lọ́pọ̀ ìgbà, á gé iṣan náà kó lè dẹ̀, á sì gé àpò kúrò tàbí kó so ìdí rẹ̀ sókè kí oúnjẹ má ráàyè dúró síbẹ̀. Ọ̀nà kejì kò kan ọrùn: irinṣẹ́ á gba ẹnu wọlé, wọ́n á la ògiri àárín àpò àti ọ̀nà oúnjẹ, méjèèjì á di yàrá kan. Inú ògiri yẹn gan-an ni iṣan náà wà.

Ẹ gbé bàbá lọ sí ọsibítù ẹ̀kọ́ UNIOSUN ní Òṣogbo, sọ́dọ̀ àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Wọ́n lè ní kí bàbá mu omi funfun kan bí ẹfun kí wọ́n tó ya fọ́tò ọ̀fun. Àpò náà á hàn gbangba. Ẹ má fi falẹ̀, nítorí jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ náà máa ń di òkèlè lọ́nà.

Kó tó dìgbà náà, kí bàbá tètè máa jẹun alẹ́, kí ìrọ̀rí wọn sì ga. Oúnjẹ tó bá yà sínú ẹ̀dọ̀fóró lóru ló lè máa fa ikọ́ tí mò ń gbọ́ láti ilé wa.